Ẹni Tó Jẹ Ìkẹyìn Wàgásì

Bí òórùn wàgásì bá ti inú ilé ìdáná wa jáde, ọkàn mi kì í balẹ̀. Wàgásì ni wàrà líle tí àwọn obìnrin Fúlàní ń ṣe lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n ń fi pòròpórò ọkà bàbà pa láró títí ara rẹ̀ yóò fi pọ́n. Bí a bá gé e, tí a sọ ọ́ sínú òróró ẹ̀pà gbígbóná, gbogbo àdúgbò ni yóò mọ̀ pé kò sí ebi nílé ẹni lọ́jọ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi Raṣídà ń fi ọwọ́ kan dín in, ó fi ọwọ́ kejì di kàyé, ìwé ìṣirò rẹ̀, mú, ó sì ń kùn bí oyin. Ó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò àṣekágbá tí à ń pè ní bákì. Mo bi í pé kí ló ń bí i nínú.

"Màmá, lìmíìtì ni. Wọ́n ní nǹkan náà ń sún mọ́ òdo, kò sì ní débẹ̀ láéláé. Síbẹ̀ wọ́n tún kọ ọ́ pé ó bá òdo dọ́gba. Ẹ ò rí i pé ẹ̀tàn wà níbẹ̀?"

Mo fa àpótí, mo jókòó. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ọmọ yìí sọ, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ ní ìlú yìí, nínú kíláàsì kan tí páànù òrùlé rẹ̀ máa ń ta pàràpàrà bí oòrùn bá mú. Ẹ̀yin ọmọ tó ń kà á, ìfura ni mo fẹ́ ròyìn fún yín. Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ṣáájú pé èmi ni mo fura, èmi náà ni mo ṣì í.

Ìgbó Ìdáàṣà, tí ìwé ìjọba ń pè ní Dassa-Zoumè, kò tíì fẹ̀ tó báyìí nígbà náà. Àwọn alùpùpù akérò tí à ń pè ní sémíjàn, tó ń dí ojú títì lónìí, kò sí. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn, àwọn òkè ńlá dúdú wọ̀nyẹn sì yí wa ká, tí wọ́n ń wò wá. Bàbá mi wà lára àwọn Mùsùlùmí oníṣòwò tó ń sọ Yorùbá nínú ọjà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ta àtùpà, abọ́ tánńganran àti òwú ìránṣọ, ìyá rẹ̀ sì ni olùṣọ́ ibẹ̀. Ìyá Àgbà máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, ó sì fura sí gbogbo ẹ̀dá. Ó máa ń ka ọmọ adìyẹ rẹ̀ ní ìdájí. Bí wọ́n bá pé, á tún wọn kà, nítorí ó ní bóyá ńṣe ni wọ́n pààrọ̀ ọ̀kan. Àṣà ilẹ̀ wa ni pé ẹni tó gbé omi tàbí oúnjẹ wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ara ẹni tó fẹ́ gbà á lè balẹ̀. Àwọn yòókù ń ṣe é bí ọ̀wọ̀, Ìyá Àgbà ń ṣe é bí ẹjọ́. Bí ènìyàn bá bu omi fún un láìtọ́ ọ wò lójú rẹ̀, á gbé omi náà kalẹ̀, á sì máa béèrè àlàáfíà gbogbo ẹbí onítọ̀hún títí òùngbẹ yóò fi fẹ́ pa òun fúnra rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo dàgbà sí.

Ọ̀rẹ́ mi Odíìlì kì í ṣe ọmọbìnrin ìsàlẹ̀ ìlú. Orí òkè ni ilé wọn, láàárín àwọn àgbẹ̀ Kátólíìkì tó ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dé. Ìdáàṣà ló ń sọ, Yorùbá ni mo ń sọ, a sì ń gbọ́ ara wa, àfi bí inú bá ń bí i tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tí mo kọ síbí, mo ti yí i sí Yorùbá tèmi. Bàbá rẹ̀ ti kú. Àbúrò bàbá rẹ̀, tó ń gbin iṣu, ló ń tọ́ ọ, ọkùnrin náà kò sì fọkàn tán ilé ìwé rárá. Ohun tó sọ fún un, gbogbo kíláàsì ló mọ̀ ọ́n: "Ọjọ́ tí wọ́n bá ránṣẹ́ pè mí sí ibẹ̀ nítorí ẹjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ náà ni o ó gbé ọkọ́."

Odíìlì sì fẹ́ di agbẹ̀bí. Ìyá rẹ̀ ti bímọ kan sójú ọ̀nà rí, nígbà tí wọ́n ń gbé e sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, ọmọ náà kò yè. Ó ní òun yóò gba bákì, òun yóò kọ́ iṣẹ́ náà, òun yóò sì padà gòkè lọ jókòó síbi tí àwọn aboyún wà. Kì í pariwo ọ̀rọ̀ yìí. Èmi nìkan ló sọ ọ́ fún, lórí àpáta pẹrẹsẹ kan tó wà lẹ́yìn kíláàsì wa.

Orí àpáta yẹn náà la ti ń jẹ wàgásì. Obìnrin Fúlàní kan ń da màlúù nítòsí oko wọn. Odíìlì máa ń bá a pọn omi ní ìrọ̀lẹ́, obìnrin náà a sì fún un ní wàgásì kan ní gbogbo ọjọ́rú. Odíìlì á fi ewé tíìkì wé e, á gbé e sọ̀kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin, á sì gbé e ka iwájú mi pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré kan. Á ní, "Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ gé. Àlejò ló ń kọ́kọ́ gé."

Ìkẹyìn rẹ̀ ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ní ilé wọn àti ní ilé wa, àgbà kì í jẹ àjẹtán. Ohun tó kù sí ìdí abọ́, àbúrò ló ni ín. Èmi àti Odíìlì kò sì mọ ta ni àgbà. Ìwé ìbí tèmi ní ọjọ́, ó ní oṣù. Tirẹ̀, ìgbà tí wọ́n fẹ́ fi í sílé ìwé ni wọ́n tó lọ ṣe é ní kóòtù, akọ̀wé sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé nǹkan bí ọdún báyìí ni wọ́n bí i. Ọdún náà gan-an ni wọ́n bí èmi. Ó ní ọjọ́ òjò àkọ́rọ̀ ni wọ́n bí òun, ṣáájú oṣù tèmi. Mo ní kí ó lọ mú òjò náà wá kó wá jẹ́rìí. Ẹni tó bá jẹ ìkẹyìn ti gbà pé òun ni àbúrò, kò sì sí ẹni tó fẹ́ gbà nínú wa.

Nítorí náà a ṣe òfin kan. Ẹni tó bá kàn á gé ohun tó kù sí méjì ọgbọọgba, á jẹ ìdajì, á sì ti ìdajì sí ẹnì kejì. Mo gé e, mo jẹ ìdajì. Odíìlì gé èyí tó kù, ó jẹ ìdajì rẹ̀. Ó tún kàn mí. Báyìí ni a ó máa ṣe títí wàgásì yóò fi kéré ju èékánná lọ, tí ọ̀bẹ kò ní rí i gé mọ́, tí aago ilé ìwé á sì dún. Èérún tó bá kù, àwọn èèrà ló ń jẹ ẹ́. Àwọn ni àbúrò wa.

Mo ṣèèṣì sọ ọ́ fún Ìyá Àgbà. "Òun ló gbé e wá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ìwọ lo sì ń kọ́kọ́ jẹ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tu orógbó ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹni tó gbé oúnjẹ wá tí kò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ló mọ̀ nípa oúnjẹ náà tí ìwọ kò mọ̀?"

Mo fi ṣẹ̀rín. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́rú, mo rọra ń jẹ wàgásì náà lẹ́nu, mo ń wo ojú Odíìlì. Ó ń wo ìdajì tí mo jẹ, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín? N kò bi í. Ní ìrọ̀lẹ́, inú run mí. Mángòrò àìpọ́n méje ni mo jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n wàgásì ni mo ka ẹ̀sùn náà sí lẹ́sẹ̀.

Ọdún yẹn ni olùkọ́ ìṣirò tuntun dé láti apá gúúsù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó le lójú, tí à ń pè ní Músíyè. Òun náà mọ ìfura. Bó bá ń kọ̀wé sójú pátákó, á ṣàdédé yíjú padà láti wo ẹni tó ń ṣe nǹkan. Ó máa ń ka ẹfun ìkọ̀wé rẹ̀ kó tó jáde. Ká ní Ìyá Àgbà mọ̀ ọ́n ni, ì bá fi ṣe ọmọ. Yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwé ló ń gbé, Odíìlì tó máa ń tètè dé ju gbogbo wa lọ ló sì ń gbé omi lọ fún un láràárọ̀.

Músíyè ló mú lìmíìtì wá. Ó dúró ní ìdí kíláàsì, ó rin ìdajì ọ̀nà sí ara ògiri, ó dúró. Ó rin ìdajì èyí tó kù, ó dúró. Ó ní bí òun bá ń ṣe é lọ báyìí, àyè tó wà láàárín òun àti ògiri ń lọ sí òdo, lìmíìtì rẹ̀ ni òdo. Ó kọ ọ́ sójú pátákó pẹ̀lú àmì ìdọ́gba. Mo nawọ́ sókè. Mo ní, "Músíyè, ṣé ẹ ó fara kan ògiri?" Ó ní rárá. Mo ní kí ni àmì ìdọ́gba wá ń wá níbẹ̀? Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "A kò sọ pé mo dé ògiri. Ibi tí mo ń lọ la béèrè. Fi àmì sí ibi tó bá wù ọ́ nítòsí ògiri yẹn, bó ti wù kó sún mọ́ ọn tó, màá kọjá rẹ̀." Mo kọ ọ́ sínú kàyé, n kò gbà á gbọ́. Odíìlì kò kọ nǹkan kan. Ó ń wò mí, ó tún ń rẹ́rìn-ín wàgásì yẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Músíyè fa ìlà gígùn kan láìgbé ẹfun kúrò lójú pátákó, ó ní ìlà tí kò já nìyẹn. Ó fa irú rẹ̀ mìíràn, ó sì fi ìka pa ojú kan rẹ́ láàárín rẹ̀. Ó ní bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìlà kan já níbì kan, kí a má wo ojú ibẹ̀ nìkan. Kí a wo ibi tí apá òsì ń lọ, kí a wo ibi tí apá ọ̀tún ń lọ. Bí àwọn méjèèjì bá forí lé ibì kan náà, tí ohun tó wà níbẹ̀ sì bá wọn mu, ìlà náà kò já. Kò yé mi. Orí àpáta ni Odíìlì ti là mí lóye. Ó nawọ́ sí òkè wọn, ó ní ọ̀nà méjì ló gùn ún, ọ̀kan láti ìhà ọjà, ọ̀kan láti ìhà oko. Bí ìkùukùu bá bo góńgó rẹ̀, ẹni tó mọ ọ̀nà méjèèjì mọ ibi tí wọ́n ti pàdé, kò dìgbà tó bá rí i. Mo ní bí àpáta ibẹ̀ bá ti já lulẹ̀ ńkọ́? Ó ní, "Ọ̀nà ṣì mọ ibi tó ń lọ."

Nígbà tí ìdánwò dé, Músíyè fi ìbéèrè kan sí ìsàlẹ̀ ìwé, tó le ju ohun tó kọ́ wa lọ. Ìdajì, kí a fi ìdá kan nínú mẹ́jọ kún un, kí a tún fi ìdá kan nínú méjìlélọ́gbọ̀n kún un, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ láìdúró: níbo ni àròpọ̀ náà ń lọ? Àwa yòókù fò ó. Odíìlì nìkan ló dáhùn, ní ìlà kan ṣoṣo: ìdá méjì nínú mẹ́ta. Kò ṣe ìṣirò kankan sí i. Ìdáhùn náà sì tọ̀nà.

Músíyè pè é síwájú. Ó ní ìdáhùn tí kò ní ọ̀nà, wọ́n jí i ni. Ó ní kàyé tí òun kọ àwọn ìdáhùn sí wà lórí tábìlì nínú yàrá òun, ta ló sì ń wọ yàrá òun láràárọ̀? Odíìlì ní òun kò fọwọ́ kan kàyé kankan. "Báwo lo ṣe wá mọ̀ ọ́n?" Bí ẹ̀rù bá ba Odíìlì, Faransé tí a fi ń kẹ́kọ̀ọ́ máa ń sá lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, "Wàgásì ni, Músíyè. Ẹ bi í." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Músíyè rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yíjú sí mi, ó ní ṣé mo mọ ohun tí ọ̀rẹ́ mi ń sọ?

N kò mọ̀ ọ́n. Ká ní mo sọ bí a ṣe ń gé wàgásì, bóyá Músíyè ì bá rí i fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, n kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ọmọ oníṣọ́ọ̀bù ń du èérún lórí àpáta, ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà sì ti jókòó sí mi lọ́kàn. Mo ní n kò mọ̀. Ó tún béèrè bóyá mo rí i tó wọ yàrá òun láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Mo ní, "Mo rí i. Ó pẹ́ níbẹ̀." Òtítọ́ ni. Ìkòkò omi ló ń fọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí ìyẹn náà, n kò sọ ọ́.

Wọ́n fún un ní òdo, wọ́n sì ránṣẹ́ pe àbúrò bàbá rẹ̀. Ọkùnrin náà dé pẹ̀lú ọkọ́ léjìká. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó gbọ́ tẹnu wọn tán, ó ní, "Mo ti wí," ó sì ní kí ọmọ òun dìde. Odíìlì kò sunkún. Nígbà tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó mi, ó gbé ọ̀bẹ kékeré náà lé tábìlì mi.

Ọjọ́ kẹta ni Músíyè tún ìbéèrè náà ṣe lójú pátákó. Ó kọ ìdajì, ó kọ ìdá kan nínú mẹ́jọ, ó ní kí a wo àwọn tí òun fò láàárín wọn: ìdá kan nínú mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún. Ó ní bí a bá kó gbogbo wọn pọ̀, odidi kan ni wọ́n ń lọ sí. Ọwọ́ mi dúró lórí kàyé. Ìdajì ni mo máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni tirẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá mú tèmi, ohun tó kù fún un láti mú jẹ́ ìdajì ohun tí mo mú, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé orí èérún. Ìlọ́po méjì tirẹ̀ ni mo ń jẹ ní gbogbo ọjọ́rú. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni tèmi, ìdá kan ni ti ẹni tó pọn omi kó tó rí i gbà. Òun ti rí i tipẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń ní kí n kọ́kọ́ gé, ìdí nìyẹn tó fi ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó mọ̀ nípa oúnjẹ náà tí èmi kò mọ̀ nìyẹn.

Mo dìde láìtọrọ àyè, mo sá gun òkè. Ìyá rẹ̀ nìkan ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní wọ́n ti fi ọmọ náà sínú ọkọ̀ akẹ́rù iṣu ní àná, ó ti lọ sọ́dọ̀ ìbátan wọn kan ní apá àríwá. Kò bú mi. Ó bu omi fún mi, ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ó sì gbé e fún mi. Mo padà sọ́dọ̀ Músíyè, mo sọ ti wàgásì, mo sọ ti ìkòkò. Ó pa òdo rẹ́ nínú ìwé rẹ̀, ó kọ máàkì Odíìlì síbẹ̀. Máàkì wà níbẹ̀, ẹni tó ni ín kò sí.

Mo ti rò ó títí láti ìgbà náà. Gbogbo àárọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn, Odíìlì ń gbé omi wọlé, ó ń jáde. Gbogbo ọjọ́rú, ó ń fún mi ní èyí tó pọ̀ jù. Mo mọ ibi tí ọ̀nà rẹ̀ ń lọ lọ́tùn-ún lósì. Àárọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé ojú lé, mo sì fi í dá a lẹ́jọ́.

Ó pẹ́ púpọ̀ kí n tó rí i. Ọjà Glazoué, ní àríwá ìlú wa, ni, láàárín àwọn òkìtì iṣu, nígbà tí àwa méjèèjì ti di ìyá ọmọ. Mẹ́dààlì Màríà tí wọ́n ń rà ní Árígbó, ibi mímọ́ àwọn Kátólíìkì nílùú wa, wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì mọ̀ mí kí n tó la ẹnu. Mo lọ ra wàgásì kan lọ́dọ̀ obìnrin Fúlàní tó wà ní ẹ̀gbẹ́ títì, mo jókòó sórí ẹní Odíìlì, mo mú ọ̀bẹ kékeré náà, tí kì í kúrò nínú àpò mi, jáde. Mo ní, "Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ gé."

Ó wo wàgásì, ó wo ojú mi. Ó ní, "Ìwọ lo gbé e wá. Kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ná."

Ó dùn mí dé eegun, ó sì tọ́ sí mi. Mo bù ú wò. Lẹ́yìn náà ló gé e sí méjì, ó jẹ ìdajì, ó ti ìdajì sí mi. Mo ní, "Mo rí ọ tó ò ń fọ ìkòkò. N kò sọ ọ́. Jọ̀wọ́, foríjì mí." Ó ní, "Mo mọ̀ pé o rí mi." Ó ń gé e lọ. Mo béèrè nípa iṣẹ́ agbẹ̀bí. Ó ní òun kò ní ìwé kankan, ṣùgbọ́n bí obìnrin bá rọbí nínú ọjà yìí, òun ni wọ́n ń sáré wá pè. Nígbà tí wàgásì ku bí ẹyọ ìrẹsì, ó kàn mí. Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo mú èérún náà, mo jẹ ẹ́.

Odíìlì gbé ojú sókè. "O jẹ ìkẹyìn."

"Mo jẹ ẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín wàgásì rẹ̀ àtijọ́. Ó ní, "Mo kúkú ti sọ fún ọ pé ọjọ́ òjò àkọ́rọ̀ ni wọ́n bí mi."

Ilé ìwé wa ti di ilé alájà, wọ́n ti fọ́ àpáta ẹ̀yìn rẹ̀ fi ṣe ìpìlẹ̀, àwọn ọmọ sì ń fi fóònù ṣe ìṣirò tó gbà wá ní odidi ọ̀sán. Òkè wà níbẹ̀ síbẹ̀, ọ̀nà méjèèjì ṣì gùn ún. Àmì ìdọ́gba náà wà níbẹ̀, àwọn ọmọ sì ṣì ń fura sí i. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí tán, Raṣídà ti gbé wàgásì kalẹ̀, ó sì fi ọ̀bẹ sí iwájú mi. Ó ní, "Màmá, ẹ kọ́kọ́ gé."

Mo wò ó títí. Ọmọ ọmọ Ìyá Àgbà ni mí, ìfura kò tíì tán lára mi. Ó kàn ń dín kù lọ́dọọdún ni. Mo ti ọ̀bẹ náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀, mo ní kí ó gé e.